Ẹnìkan Ló Kọ "Freight Train"

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn onígìtá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì ń gbádùn rẹ̀ lọ títí mo fi dé ibi tó ti pe "Freight Train" ní orin àtayébáyé tí ẹnikẹ́ni kò ni. Ẹnìkan ló ni ín. Elizabeth Cotten ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní North Carolina lọ́dún 1893. Ọmọ bí ọdún 11 tàbí 12 ni nígbà tó kọ ọ́, ọkọ̀ ojú irin tó máa ń kọjá nítòsí ilé wọn ló sì fi kọrin. Ẹ wo ohun tí ọmọdé ń rò: ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun sí ìsàlẹ̀ Chestnut Street, kí òun lè máa gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń kọjá.

Mo ti ta gìtá rí nínú ẹgbẹ́ jùjú n'Íbàdàn, ọwọ́ òsì sì ni mo ń lò. Okùn ni wọ́n ní kí n tú, kí n tún un tò kó lè bá ọwọ́ mi mu. Cotten ò tú okùn kankan. Báńjò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń yọ́ mú tó fi kọ́ ọ. Nígbà tó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tó rówó ra gìtá tirẹ̀ ní dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 75, ńṣe ló kàn dojú ẹ̀ délẹ̀. Okùn béèsì bọ́ sísàlẹ̀, àwọn tín-ín-rín bọ́ sókè. Ìka ló wá ń ta béèsì, àtàǹpàkò ló ń sọ ohùn orin. Kí onígìtá tó bá rò pé eré ni gbé gìtá rẹ̀ kó dán an wò.

Ṣọ́ọ̀ṣì ní kó fi orin ayé sílẹ̀, ló bá gbé gìtá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tó sọnù nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Washington, tí ó mú padà fún ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún ìdílé Seeger, àwọn olórin paraku. Ibẹ̀ ló ti tún gbé gìtá tó wà lára ògiri wọn. Peggy, ọmọ tó sọnù yẹn gan-an, ló gbé orin náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè, àwo ti jáde níbẹ̀ lọ́dún 1957, ó tà wìtìwìtì, orúkọ àwọn ẹlòmíì ló sì wà níbi tó yẹ kí orúkọ màmá wà. Ìdílé Seeger ló jà fún un kí orúkọ rẹ̀ tó padà sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn akọ̀ròyìn yín fi dùn mí. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ní kò sẹ́ni tó ni ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀. Kí akọ̀ròyìn yín sì wá àwo rẹ̀ ti ọdún 1958 gbọ́, èyí tí Mike Seeger, ẹ̀gbọ́n Peggy, gbà sílẹ̀ nínú ilé màmá fúnra rẹ̀, nígbà tí màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti kọjá 90 kí wọ́n tó fún un ní Grammy.

Bàbá Onígìtá,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.