Àkànní, Má Tíì Ra Lẹ́ǹsì Yẹn

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, níbi tí o ti ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ẹ̀yìn bíríkìlà. Mo fi han Màmá, wọ́n ní ta ló ń fìyà jẹ ẹ́ báyìí. Wọ́n ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Nítorí ohun tí o ní o fẹ́ bá mi rà bọ̀ nínú oṣù Kejìlá ni mo ṣe ń kọ̀wé. O ní macro lens ni, lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń ya nǹkan kékeré nítòsí, 100mm, torí mo ráhùn sí ẹ létí pé òrùka ìyàwó kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò mi. O ṣeun, ọwọ́ ẹ ò ní gbẹ. Àmọ́ má tíì rà á. Ká ní eṣinṣin ni mò ń yà, mi ò bá gbà á lọ́wọ́ ẹ kíá, torí lẹ́ǹsì yẹn á jẹ́ kí èèyàn jìnnà díẹ̀ sí ohun tó fẹ́ yà. Òrùka kì í fò, kì í sì í sá. Extension tube ló tó mi, owó ẹ̀ ò sì sún mọ́ ti lẹ́ǹsì rárá.

Túùbù yìí ò ju òrùka dúdú kan lọ, bí agolo mílíìkì tí wọ́n gé lókè tí wọ́n tún gé nísàlẹ̀. Kò sí gíláàsì kankan nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni. Àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ó máa ti lẹ́ǹsì síwájú, lẹ́ǹsì á wá lè rí ohun tó wà nítòsí ẹ̀ gan-an. Tí o bá ti kì í bọ̀ ṣá, o ò lè fi ya ohun tó jìnnà mọ́ títí wàá fi yọ ọ́.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì pín nọ́ńbà túùbù, ohun tó bá jáde ni túùbù máa fi kún bí nǹkan ṣe ń tóbi tó nínú kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 STM tí o bá mi rà lọ́jọ́sí, òun nìkan kò lè gbé nǹkan ju 0.21 ìwọ̀n ẹ̀ gan-an lọ lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi, Canon 6D, fẹ̀ tó mìlímítà 36, nítorí náà bí mo ṣe sún mọ́ nǹkan tó, ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 17 ló máa wọ inú fọ́tò. Gbé òrùka sáàárín ìyẹn, àfi bí ẹ̀pà kan tó ṣẹ́ kù sórí àtẹ. Wá ki túùbù 36mm bọ̀ ọ́: 36 tí a fi 50 pín jẹ́ 0.72. Ro 0.21 mọ́ ọn, ó di 0.93. Ohun tó wọ inú fọ́tò ò wá tó sẹ̀ntímítà 4 mọ́, òrùka kan ṣoṣo á sì gba ìdajì ibẹ̀.

Túùbù yẹn kan náà lórí lẹ́ǹsì 70-200 mi, tí mo bá fà á dé 200, 0.18 péré ló máa fi kún un. Ìnáwó òfò nìyẹn. Fún irú lẹ́ǹsì gígùn bẹ́ẹ̀, gíláàsì tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì ló dáa. Mo tún gbé e sídìí lẹ́ǹsì 24mm rí, kò síbi tí mo kọjú ẹ̀ sí tó mọ́ kedere. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé ibi tó yẹ kó mọ́ ti wọ inú gíláàsì fúnra ẹ̀ lọ. Mo kàn ń fì síwájú fì sẹ́yìn bí ẹni tí dùndún ń pè.

Jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà níbí, ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ní kò sí ìyàtọ̀, gbogbo ẹ̀ ṣáà ni túùbù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo gbé e lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà. Bí mo ṣe kì í bọ̀, ibi tí kámẹ́rà ti máa ń kọ f/8 tàbí f/11, ìyẹn bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú ẹ̀ ń ṣí tó), 00 ló kọ síbẹ̀. Túùbù yẹn ò ní àwọn irin wẹ́wẹ́ tí lẹ́ǹsì fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Bí Canon ò bá sì bá lẹ́ǹsì ẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú lẹ́ǹsì á ya sílẹ̀ gbàgà, kò ní pa dé. Ní f/1.8, bí o ṣe sún mọ́ nǹkan tó yẹn, ibi tó máa mọ́ ò nípọn tó èékánná. Wọ́n fín orúkọ ọkọ sínú òrùka ìyàwó. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló hàn, gbogbo ìyókù di èéfín. Àǹtí ìyàwó yọjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ní, “Fọ́tò, ṣé kámẹ́rà ẹ ń sunkún ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, àmọ́ inú mi ò dùn.

Ọ̀gá kan ló wá kọ́ mi lọ́gbọ́n kan lẹ́yìn ẹ̀: kí n fi lẹ́ǹsì sára kámẹ́rà láìsí túùbù, kí n yí i sí f/11, kí n tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì mọ́lẹ̀, kí n má fi í sílẹ̀, kí n wá yọ lẹ́ǹsì báyẹn. Ojú ẹ̀ á dúró síbi tó pa á dé sí. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ohun tí o bá wò nínú kámẹ́rà á ṣókùnkùn bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, ìyá ìyàwó ò sì ní dúró dè ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Dùgbẹ̀ ló yá mi ní èyí tó ní irin wẹ́wẹ́. Mo fa àdìrẹ Ìbàdàndùn Màmá yọ nínú àpótí láti fi dán an wò, èyí tó ní òpó Mápó yẹn. Mo tẹ́ ẹ sí ojú fèrèsé. Àkànní, mo rí ibi tí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya àrà ti sán lára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, tí aró wá gba ibẹ̀ wọlé tín-ín-rín bí iṣan ewé. Lára òpó kan, ilà funfun bẹ̀rẹ̀ ní nínípọn, ó ń tín-ín-rín lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ó sì tún nípọn lójijì. Mo bi Màmá bóyá àṣìṣe ni. Wọ́n sún fọ́tò mọ́jú, wọ́n ní, “Ibi tí ẹ̀kọ ti tán lẹ́nu ìyẹ́ adìyẹ nìyẹn. Ó tì í bọ̀ ọ́ padà ni.” Láti ìgbà tí aṣọ yẹn ti wà nílé wa, mi ò rí i rí. Ọlọ́túùbù ti wá gba túùbù ẹ̀.

F/11 náà ni mo fi yà á, ibi tó sì mọ́ ò ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ, àfi kí aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Má rò pé mo lè fi f/22 wò ó sàn, gbogbo fọ́tò á kàn di bàìbàì ni. Ìmọ́lẹ̀ náà á dín kù. Tí mo bá lo 36mm yìí, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dé inú. Mo ní fláàṣì, mo sì ní áńkáṣíìfù funfun tí mo máa fi bò ó. Má ra iná kankan fún mi.

Lẹ́yìn náà, túùbù tí o fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, 10mm àti 16mm, kámẹ́rà tuntun tí kò ní díńgí nínú ló wà fún. Kò ní wọ tèmi. EF, irú ẹnu tí kámẹ́rà mi ní, ni kí o bèèrè, ti 12, 20 àti 36, torí mo lè lò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì lè tò wọ́n léra. Kí etí ẹ̀ méjèèjì jẹ́ irin. Oníke tí mo ní yẹn ti ń mì lábẹ́ 70-200, àyà mi já lọ́jọ́ tí mo rí i.

Tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n gbé e sára Canon kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì, kí o yí nọ́ńbà f sókè sódò. Tó bá ń yí, sanwó. Tó bá kọ 00, dá a padà fún wọn, kí o ra ẹ̀wù òtútù fún Màmá.

Èmi ni,
Àlàbí