Lẹ́tà sí Iléṣà: erékùṣù tí a ó mú Màmá lọ

Glasgow,
Oṣù Karùn-ún.

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àsìkò òjò. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Bàbá Ìbùkún ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, ara èmi náà sì le, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti já láàárín, ohun tí Bàbá gbọ́ á yàtọ̀ sí ohun tí Màmá gbọ́, kálukú á sì mú tirẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kí àbúrò mi kà á sí yín létí látòkè délẹ̀, kó má fo ìlà kankan.

Ọ̀rọ̀ ọlidé náà ni. Màmá, físà yín ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìparí oṣù kẹfà ni ilé ìwé ń gba ọlidé ńlá níbí, wọn kì í wọlé padà títí di àárín oṣù kẹjọ, nítorí náà ẹ̀yin àtàwọn ọmọ á jọ ríra dáadáa. Bàbá Ìbùkún nìkan ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò lè yọ̀ǹda fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún un, kò lé kan. Àwọn ọjọ́ yẹn la fẹ́ fi mú yín lọ sí erékùṣù kan, kí gbogbo wa wà lójú kan náà, kí ẹnikẹ́ni má máa wo aago. Erékùṣù tó wà ní Scotland yìí lé ní 700, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì séèyàn lórí ẹ̀ rárá. Èwo ni ká mú nínú wọn, ohun tó ń fa àríyànjiyàn nínú ilé yìí láti ìgbà Àjíǹde nìyẹn.

Bàbá Ìbùkún ní Skye lòun fẹ́. Mi ò bá a jà, ibẹ̀ rẹwà. Òkè ibẹ̀ ga, àpáta ibẹ̀ dúdú bí ẹní fi epo pa á, ẹni tó bá ti rí àwòrán rẹ̀ á fẹ́ débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kò tiẹ̀ di dandan níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti ṣe afárá síbẹ̀ láti 1995, orí rẹ̀ ni mọ́tò ń gbà. Ṣùgbọ́n láti ibí dé Portree, ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, bíi wákàtí márùn-ún ni lórí ìjókòó bí ọ̀nà bá dára. Ó jìn ju Iléṣà sí Èkó lọ fíìfíì. Bí a bá gbéra láàárọ̀ Ẹtì, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó gúnlẹ̀. Ká sì tó mojú ilẹ̀, ọjọ́ Ajé ti dé. Mo bi í pé, eékún Màmá tó máa ń wú yẹn, ṣé ká ká a pọ̀ sínú mọ́tò fún wákàtí márùn-ún lálọ, ká tún ká a lábọ̀? Kò fèsì. Kòkòrò kan tún wà lápá ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kéré ju ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n agbo-agbo ni wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń jẹni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ní Arran ni ká lọ. Ibẹ̀ sún mọ́ wa ju Skye lọ dáadáa. Ardrossan ni èèyàn ti máa ń wọ ọkọ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Glen Sannox bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2025, ó tóbi ju èbúté Ardrossan lọ, ló bá di pé Troon ló ń ná. Ohun tí Arran fi ń yangàn ni òkè, Goat Fell ló ga jù nínú wọn, mítà 874. Ta ni yóò gun òkè náà nínú wa? Àwọn ọmọ á fẹ́ gùn ún, bàbá wọn á tẹ̀ lé wọn, èmi àti Màmá á wà nísàlẹ̀ tí a ó máa retí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò fẹ́ irú ọlidé tó máa ń pín ìdílé sí méjì.

Àwọn ọmọ ní tiwọn, Cumbrae ni wọ́n ń pariwo. Láti Largs, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí omi, ẹ ti débẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló yí etí erékùṣù náà po, bíi máìlì mẹ́wàá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà tọmọdé tàgbà ló ń gun kẹ̀kẹ́ yí i ká. Ní ìlú Millport tó wà níbẹ̀, àpáta kan wà létí òkun tí wọ́n fi ọ̀dà ya ojú àti eyín sí lára, ọ̀nì gan-an ló dà. Tọ́míwá ní dandan ni kí Màmá Iléṣà jókòó lórí ọ̀nì yẹn kí òun ya fọ́tò yín. Mo ti ṣèlérí fún un pé a ó lọ ní Sátidé kan, nítorí ibi tí èèyàn ń lọ láàárọ̀ tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni. Àwọn ọjọ́ tí bàbá wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ kò pọ̀ tó láti ná síbẹ̀. Ìbùkún gbà. Àbúrò rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó sì gbàgbé.

Bàbá mi, ibi tó nira fún mi jù láti sọ rèé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti ọjọ́ tí Bàbá Ìbùkún ti pìtàn Iona fún yín ni mo ti mọ̀ pé ọkàn yín ti lọ síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn yín. Ní 563 ni Columba ti Ireland rékọjá omi wá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀dó sórí ilẹ̀ kékeré tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi máìlì mẹ́ta lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìhìnrere lọ sí ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ yìí. Àwọn Viking gba orí òkun wá kó wọn lẹ́rù, wọ́n tún padà wá, ní 806 wọ́n pa 68 nínú àwọn ará ilé Ọlọ́run náà. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò parun. Ilé ìjọsìn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, èèyàn ṣì ń ti ọ̀nà jíjìn lọ gbàdúrà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ gbọ́ gbogbo èyí, ẹ ní Òkè-Ooye lẹ rí. Ẹ tún sọ fún wa bí ayé ṣe ya wọ Iléṣà ní 1930 nígbà tí Ọlọ́run ń lo Wòlíì Babalọlá, tí bàbá yín náà wà nínú àwọn tó gbé ìkòkò omi lọ fún àdúrà. Ẹ ní Màmá gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ Iona, kó gbàdúrà fún gbogbo ilé. Bàbá, mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yín. Mo gbé e yẹ̀ wò ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ẹ bá mi wo ọ̀nà rẹ̀. Láti Glasgow dé Oban, ó tó wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ńlá ní Oban, ó di Craignure lórí erékùṣù Mull, bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú. Láti Craignure, ẹ ó la Mull já lórí ọ̀nà tóóró tí mọ́tò méjì kò lè gbà pàdé, àfi kí ọ̀kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dúró de èkejì. Iyẹn lé ní wákàtí kan kí ẹ tó dé Fionnphort. Ibẹ̀ lẹ ó ti tún wọ ọkọ̀ kékeré mìíràn, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbé mọ́tò kọjá síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn látorí ìdíkọ̀ dé ilé ìjọsìn. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ọkọ̀ kékeré yẹn kì í lọ. Odidi ọjọ́ kan lálọ, odidi ọjọ́ kan lábọ̀. Ojú ọ̀nà ni Màmá á ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọlidé náà, tó bá sì fi máa kúnlẹ̀ ní Iona, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ibi tí ẹ kà sí ilẹ̀ mímọ́, mi ò fẹ́ ká sáré lọ ká sáré bọ̀ níbẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ wá. Ẹ ṣáà jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ ojú yín tí dókítà fẹ́ ṣe, ká wá ìwé ìrìnnà fún yín, èmi pẹ̀lú yín la ó jọ lọ sí Iona, a ó sùn níbẹ̀, ẹ ó gbàdúrà débi tó bá wù yín.

Bute ni mo mú fún tọ̀tẹ̀ yìí. Mo ti lọ wo ibẹ̀ fúnra mi, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ìrìn àjò náà ni mo fi ojú Màmá wò.

A kò ní gbé mọ́tò rárá. Ọkọ̀ ojú irin la ó wọ̀ ní Glasgow Central, kò pé wákàtí kan tí a ó fi sọ̀ ní Wemyss Bay. Màmá, ẹ ó fẹ́ràn ibùdókọ̀ yẹn. 1903 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, dígí ni wọ́n fi ṣe òrùlé, irin tín-ín-rín tín-ín-rín ló gbé e ró, ó yí róbótó lókè orí yín, oòrùn sì ń wọlé sára ilẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan tí wọ́n fi pákó àti dígí bò ń rọra dà gẹ̀rẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí ìdíkọ̀ ojú omi. Kò sí àtẹ̀gùn kan tí ẹ máa gùn, òjò kò sì ní pa yín. Mo tò lẹ́yìn ìyá àgbàlagbà kan tó ń tilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan títí tó fi wọ ọkọ̀. Ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀ fún mi.

Lórí omi, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni. Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Iléṣà, ẹ ò tíì fara balẹ̀ wọ Ifẹ̀ tán lákòókò yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù omi, ẹ sì máa ń sọ pé ẹni tó mọ odò wẹ̀ ni odò ń gbé lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹ odò nínú wa. Ọkọ̀ náà tóbi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò ló ń wọ ikùn rẹ̀, òkè ni ibùjókòó wà, ó ní fèrèsé fífẹ̀, wọ́n ń ta tíì. Kì í sì í ṣe agbami òkun là ń gbà, ilẹ̀ ò ní kúrò lójú yín títí ẹ ó fi sọ̀.

Ìlú tí a ó sọ̀ sí ni Rothesay. Ẹ máa rí igi kan létí òkun níbẹ̀ tó jọ ọ̀pẹ, ẹ má wá ẹyìn lórí ẹ̀. Ààfin àtijọ́ kan wà láàárín ìlú, ó ti wà láti nǹkan bí 800 ọdún, ògiri rẹ̀ yí po róbótó, omi sì yí ògiri náà ká. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oyè, ẹ gbọ́ èyí: àrẹ̀mọ ọba ilẹ̀ yìí, Duke of Rothesay ni oyè tó ń jẹ́ ní Scotland, 1398 ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi oyè náà jẹ èèyàn. Èmi ọmọ Iléṣà, inú mi dùn láti mú ìyá mi lọ sí ìlú tí òun náà ní ìtàn ọba.

Ohun mìíràn wà tó fà mí síbẹ̀. Ní 2015, àwọn ìdílé kan láti Síríà wá tẹ̀dó sí Bute, nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Àwọn kan nínú wọn ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ra ìpápánu wọn kan, wọ́n fi oyin àti ẹ̀pà òyìnbó sí i, ó ń fà lẹ́nu. Mo jókòó síta, mo ń wo àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń sọ èdè Scotland bí ẹní ń já ewé, bí Ìbùkún àti Tọ́míwá ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àánú ṣe mí, inú mi sì dùn. Mo fẹ́ kí Màmá rí wọn.

Bọ́ọ̀sì ń lọ láti Rothesay sí Ettrick Bay, iyanrìn ibẹ̀ lọ salalu, ó tẹ́jú, ẹ lè bọ́ bàtà. Òkè Arran tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ, láti ibẹ̀ lẹ ó ti máa wò ó lókèèrè. Àwọn ọmọ kò ní sanwó bọ́ọ̀sì, wọ́n ní káàdì tí ìjọba ń fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 22. Bàbá wọn kò ní wakọ̀, òun náà á lè sùn.

Ilé tó ní kíṣìnì ni mo wá, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Iṣu wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Glasgow, a ó gbé e dání pẹ̀lú ata lílọ̀ àti odó kékeré tí ẹ fún wa nígbà ìgbéyàwó. Bàbá Ìbùkún ti ní òun lòun máa gbé odó náà.

Màmá, ẹ di súwẹ́tà méjì àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ibí kì í dá òjò dúró. Ẹ má di ẹran gbígbẹ sínú ẹrù o, wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Oòrùn kì í tètè wọ̀ níbí nínú oṣù keje, ó máa ń tó aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà ẹ mú aṣọ dúdú tí ẹ lè fi bo ojú sùn.

Ẹni tó ni ilé náà ní àyè ṣí sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù keje àti ọ̀sẹ̀ kẹta, owó ló sì ń retí. Ẹ jọ gbìmọ̀ pọ̀, kí Bàbá mú ọ̀kan, kí àbúrò mi fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó di ọjọ́ Àìkú. Bí Bàbá bá ṣì ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lórí Iona, kí wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀, mo ń gbọ́.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Òkè-Ẹ̀sọ́ àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúfúnkẹ́