Kọ́mírédì, mo rí ẹni tó jọ ọ́

Los Angeles,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Kọ́mírédì mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Má bínú pé n kò gbé ìpè rẹ lọ́jọ́rú. Bàbá tí mò ń tọ́jú ń jẹun lọ́wọ́, bí mo bá sì yíjú báyìí, ọbẹ̀ ti dà sáṣọ. Kẹ́hìndé ti gba ìwé ìgbélùú. Dáúdà ra ọkọ̀, ó sì fi gbá ògiri lọ́sẹ̀ kan náà. Ìyẹn tán.

Ṣé o rántí títì tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, Wilshire? Ó gùn tó máìlì 16, láti àárín ìlú títí dé etí òkun ní Santa Monica. Mo ti rò ó pé orúkọ ọ̀gágun kan ni. Bàbá yìí ló là mí lójú. Ó ní onílẹ̀ ni, oníṣòwò ni, sóṣálíìsì tó fẹ́ kí ọrọ̀ ìlú jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sì ni! Mo ní kó tún un wí. Bí mo ṣe délé, orí fóònù ni mo wà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Henry Gaylord Wilshire. Cincinnati ni wọ́n bí i sí ní 1861. Ó dé Yunifásítì Harvard, ó fi í sílẹ̀, bí ẹnì kan tí mo mọ̀ ì bá ṣe fi Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹkún ìyá rẹ̀. Ó wá sí California, ó ń ra ilẹ̀, ó ń tà á. Ní 1895 ó ń gé éékà 35 sí púlọ́ọ̀tì fún àwọn olówó, ó wá yọ̀ǹda apá kan fún ìlú kí wọ́n fi la títì. Ṣùgbọ́n orúkọ òun ni kó máa jẹ́ o, rélùwéè kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn! Lónìí, abẹ́ títì náà gan-an ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà.

Má tíì pè é ní ayédèrú ṣá. Láti 1890 ló ti ń du ipò aṣòfin. Ó du ní Amẹ́ríkà, ó du ní Kánádà, kò wọlé rí. Ní 1900 wọ́n mú un níbí torí pé ó ń bá èrò sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ìtura, adájọ́ dá a sílẹ̀. Ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kò jẹ́ kó rí owó pọ́ọ́kú san lé e, ó kó o lọ Toronto ní Kánádà, ibẹ̀ ló ti ń fi í ránṣẹ́ wọlé. Kí ló dé tí a kò ronú kan irú ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa? Ó ní kí a jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá gbé kéékèèké mì tán, nígbà náà ni orílẹ̀-èdè á wá gba gbogbo rẹ̀. Ìwọ náà nìyẹn ní Awo Hall, tí o ń fi ṣíbí gàrí na afẹ́fẹ́.

Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yẹn, tí wọ́n fọkàn tán an, àwọn ló wá ta ìpín kùsà góòlù rẹ̀ fún. Owó wọlẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kú, ó gbé ìgbànú kan jáde, I-ON-A-CO: wáyà tí wọ́n ká, tí wọ́n fi awọ bò. Wàá kì í bọ iná ara ògiri, wàá gbé e kọ́rùn tàbí kí o so ó mọ́dìí, òòfà rẹ̀ á ta irin inú ẹ̀jẹ̀ jí, àìsàn á lọ. Ó tó 60 dọ́là. Gílóòbù kékeré kan wà tó máa ń tàn bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ ọn, kí o lè gbà pé agbára wà níbẹ̀. Àwọn dókítà pariwo, àwọn èèyàn ṣì ń rà á. Ó kú ní New York ní 1927 láìní kọ́bọ̀.

Ibi gílóòbù yẹn ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá fi fọ́tò ẹ̀gbà ọwọ́ dúdú kan ránṣẹ́, òòfà ló wà nínú rẹ̀, 45,000 náírà. Ẹnì kan ló gbé e wá sí ìpàdé wọn. Ó mú abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ fò lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ilé kígbe "Halelúyà!" Ó kúkú sàn ju ti Wilshire, kò nílò NEPA. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí tó ń fọ́ òun ti lọ. Mo béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní òun ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mo tún béèrè, ó ní òun kò gbọ́ mi dáadáa. O mọ Màmá.

Lójú tèmi, Wilshire gba ìgbànú yẹn gbọ́. Olè tó mọ̀ pé òun ń jalè, ojú lè tì í lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ta ẹ̀gbà fún Màmá wọ ọ̀kan sọ́wọ́ tirẹ̀. Mo rí i nínú fọ́tò.

Èmi ń ka oògùn bàbá oníbàbá sínú àpótí níbí, láàárọ̀ lálẹ́. Jọ̀wọ́, bí o bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, yà sọ́dọ̀ Màmá ní Mọ́kọ́lá. Má dárúkọ ẹ̀gbà o, ogun ni! Jẹ ohun tó bá gbé fún ọ. Yìn ín pé ara rẹ̀ ń dán. Nígbà tó bá wọ yàrá lọ, wo orí fìríìjì, káàdì oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n wóró ni àbúrò mi rà lọ́jọ́ kìíní oṣù, ẹyọ kan lójúmọ́.

Fi iye tó o bá bá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà nìkan ti tó.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Alágbàro