Lẹ́tà sí Símbà: ìlù ni kí a rà

Ìjọ́kà, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Àìkú.

Símbà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Níhìn-ín, ọyẹ́ ló ń bá wa fà á, ètè gbogbo wa ti là, eruku ò sì jẹ́ ká mọ àwọ̀ ọkọ̀ mọ́ ní Alágbàká. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àkọ́bí rẹ ti ga jù ọ́ lọ. Ṣé ìyẹn náà ṣòro?

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí WhatsApp àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ ní ká dáwó jọ, ká ra sípíkà ńláńlá pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ fún iléèwé, ká sì kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa sí i lára gàdàgbà. Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́. Mi ò fèsì níbẹ̀, torí ta ni yóò gbọ́ tẹni tó wà nílé níbi tí àwọn tó ń fi dọ́là ránṣẹ́ bá ti ń sọ̀rọ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Wọ́n á gbọ́ tìrẹ. Bá mi sọ fún wọn pé ìlù ni kí a rà.

Wọ́n ṣe íńtà-háòsì lóṣù tó kọjá, mo sì lọ torí ọmọ mi obìnrin wà ní Yẹ́lò Háòsì. (Bẹ́ẹ̀ ni, ilé tìrẹ. Ipò ìkẹyìn náà ni wọ́n ṣì ń gbé.) DJ ni wọ́n gbé wá. Lóde ìgbéyàwó, orin rẹ̀ ì bá dùn, àmọ́ nígbà tó kan máàṣì, kò bá ẹsẹ̀ mu rárá. Àwọn Rẹ́ẹ̀dì Háòsì tó wà níwájú ń gbé ẹsẹ̀ òsì, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń gbé ọ̀tún, ọ̀gá tó ń darí wọn sì ń sunkún pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Kí wọ́n tó dé iwájú àwọn àlejò pàtàkì, jẹnẹrétọ̀ kú.

Àwọn ọmọ báńdì iléèwé wà lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tí a kò pè. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ìlù mẹ́rin péré ló kù lọ́wọ́ wọn, báàsì kan àti kéékèèké mẹ́ta. Báàsì yẹn, tiwa ni, èyí tí a lò nígbà tí àwa náà wà ní báńdì! Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ibi tó tẹ̀ lọ́jọ́ tó já bọ́ látorí bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Oǹdó ṣì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju SS1 lọ ló ń lu ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké. Ọ̀pá ìlù rẹ̀ kan ti kán, ó ti fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé e pinpin. Gèlè ló fi gbé ìlù kọ́rùn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́: lẹ́fùtì, lẹ́fùtì. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ni báàsì gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ó sì ń bọ́ sí i. Kí o wá rí bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ṣe wọ ìlà kan náà! Àwọn Gírìn Háòsì tí kò tíì kàn rárá gbé orin iléèwé, àwa òbí náà sì gbè é. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ń fi imú kọ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń tẹ sípíkà, DJ sì ni onítọ̀hún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ni yóò máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀ iléèwé láràárọ̀? Wọ́n á tì í mọ́ ọ́fíìsì. Dùùrù oníná tí àwọn sẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú wa fi ta wọ́n lọ́rẹ wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n fi aṣọ bò ó, ife tíì ló ń jókòó lórí rẹ̀.

Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè? Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin pé ká padà sí “Nigeria, We Hail Thee”, èyí tí a ń kọ láti 1960 títí di 1978. Báńdì ò mọ̀ ju ohùn “Arise, O Compatriots” tí Ben Odiase ṣe lọ. Àwọn tíṣà pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò tíì bí nígbà tí wọ́n pa èyí àtijọ́ tì. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì ló gbà wọ́n. Ó ti kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì gbàgbé ìlà kan. Ó ń din àkàrà, ó ń kọrin, tíṣà orin ń kọ sol-fa rẹ̀ sílẹ̀ lórí orúnkún. Nígbà tó yá, ọmọ tó ni trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù ti ń fọn ún ní àséḿbìlì. Ẹsẹ kẹta ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọmọ Oǹdó ni tíṣà orin yẹn, kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Gbogbo ìgbà ló ń sọ ìtàn T. K. E. Phillips fún àwọn ọmọ, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó, ẹni tó di atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, tó sì ń ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ Yorùbá. Nítorí náà, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin iléèwé fi ń kọrin báyìí. Àwọn ọmọbìnrin sì ń jó Obìtun, ijó àwọn obìnrin Oǹdó, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, bí àlejò bá dé.

Àwọn ẹgbẹ́ yòókù? JETS, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, wà lórí ìwé, owó fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn onídìbétì ṣì ń jiyàn bóyá tíṣà sàn ju àgbẹ̀ lọ, bí a ṣe fi í sílẹ̀. Press Club ló wù mí. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kò sómi nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kan já a. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé ẹnì kan já tàkọ́kọ́.

Mo ti bá ẹni tó ń tún ìlù ṣe l'Ọ́jà Ọba sọ̀rọ̀. Ó ní báàsì wa ṣì ṣeé tún ṣe. Fún àwọn kéékèèké, awọ ewúrẹ́ ló ń wù ú, pé ó ń dún ju rọ́bà lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lásìkò òjò awọ á máa rọ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sá a sóòrùn. Ta ló ń ráyè sálù kí aago méje àbọ̀ tó lù? Rọ́bà ni mo fara mọ́. Ká fi kéékèèké mẹ́rin kún un, pẹ̀lú trọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wà ní Boys' Brigade ti gbà láti máa wá kọ́ wọn nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, owó ọkọ̀ nìkan ló ń bèèrè.

Bí alága wa bá sì fárí gá pé dandan ni kí orúkọ sẹ́ẹ̀tì hàn, kí wọ́n kọ ọ́ sójú báàsì. Ojú rẹ̀ tóbi, gbogbo ayé ni yóò kà á.

Sọ̀rọ̀ kí ìpàdé Sátidé tó dé, jọ̀ọ́. Bó o bá sì ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde, bá mi fi ẹnu trọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sáàárín aṣọ rẹ, kò wúwo. Èyí tí wọ́n ń lò níbí ti dípẹtà, ọmọ yẹn ń fi aṣọ nù ún kó tó gbé e sẹ́nu.

Ìyàwó mi ní kí n kí gbogbo yín.

Èmi ni tìrẹ,
Báàsì.