Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa lórí bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ gbogbo, ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n epo. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan fi fò láti ibi tí kò tó ₦200 dé òkè ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ yín ti ń gbé kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, pàápàá èyí tó ṣeé ká, wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wa ní Tákíé, Ogbómọ̀ṣọ́, pé ká fi ẹ̀rọ oníná sí i. Gbólóhùn kan náà ló sì máa ń tẹ̀lé e: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é níwọ̀nba o, owó ò sí níta." Ọ̀rọ̀ yín yé wa. Ọjà kan náà la jọ ń ná.

Ṣùgbọ́n a ti pinnu ohun kan, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ẹ tó gbọ́ ọ nígboro. Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú lára látóòpù àlòkù to bátìrì kẹ̀kẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ wa rọjú. Mo mọ̀ pé inú àwọn ọmọ LAUTECH tó ti sanwó àsansílẹ̀ kò ní dùn. Owó yín wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà yóò gbà á pé pérépéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Bí ẹ bá la ike bátìrì látóòpù, ẹ ó bá àwọn sẹ́ẹ̀lì roboto bíi mẹ́fà nínú rẹ̀. Wọ́n jọ bátìrì rìmóòtù, àmọ́ wọ́n sanra jù ú, wọ́n sì gùn jù ú: mìlímítà 18 ní fífẹ̀, 65 ní gígùn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní 18650 nìyẹn. Iná fóòtì (volt) 3.6 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá, kẹ̀kẹ́ sì ń fẹ́ 36. Nítorí náà a ó so mẹ́rin mẹ́rin pọ̀ ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó wá to ẹgbẹ́ mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn. Ogójì sẹ́ẹ̀lì nìyẹn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa gba iná, kí wọ́n jọ máa tú u sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ tuntun, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ kan náà wá lọ́jọ́ kan náà, wọn kì í yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Èyí tí a tú lára látóòpù méje, ta ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìyà dé? Ọ̀kan ti wà nínú búùtù mọ́tò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Òmíràn ti kú tán fún ọdún méjì nínú káńtà aláàtúnṣe.

Mo máa ń ṣà wọ́n o. Èyí tí kò bá tó fóòtì 2.5 nígbà tí mo bá tú u, mi ò ní fi kún un. Èyí tó bá kù, màá gba iná sí i títí dé 4.2, màá kọ nọ́ńbà sí i lára, màá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá ti já wálẹ̀ nínú wọn, mo ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ò dá, màá yọ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni, mo sì gbà pé ó tó.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, mo gbé bátìrì oníbàárà kan sórí ṣájà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ jẹun kí n tó ti ilẹ̀kùn. Mo kàn gbọ́ "ṣíì", bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìgò mínírà, òórùn kan sì kọ lu imú mi, ó dùn díẹ̀, ó sì ń ta ọ̀fun. Nígbà tí mo yíjú, èéfín funfun ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike bátìrì náà. Mo fa ṣájà yọ lára ògiri, mo fi ṣọ́bìrì gbé bátìrì náà jáde sí ìta gbangba, mo da iyanrìn tí mo ti bù sínú korobá lé e lórí. Orí ló yọ mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú u wò: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ keje ni, ike ara rẹ̀ ti rún dúdú, nọ́ńbà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ kò ṣeé kà mọ́. Mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló wà digbí.

Pátákó ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní BMS wà lára bátìrì náà, mi ò fò ó. Àmọ́ ẹgbẹ́ ni BMS ń ṣọ́, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn nínú mẹ́rin, mẹ́ta yòókù á máa da iná tiwọn sínú rẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbóná, pátákó ò sì ní rí nǹkan kan àfi ìgbà tí ó bá ti bọ́ sórí. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú nìyí. Kì í ṣe iná ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ń rò lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn yàrá Under G, níbi tí àwọn ọmọ LAUTECH ń gbé, ni mo ń rò, yàrá kan, ilẹ̀kùn kan, tí kẹ̀kẹ́ wà ní ìtòsí ibùsùn, tí ọmọ ọlọ́mọ ti gbé bátìrì sórí ṣájà nítorí pé òru ni NEPA máa ń mú iná wá.

Fún ìdí èyí, ẹ̀yin tí bátìrì tí mo tò fún yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e wá. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí àyẹ̀wò. Èyí tí kò bá dá mi lójú, màá gbà á lọ́wọ́ yín, màá sì yọ iye tí ẹ san lórí rẹ̀ kúrò nínú owó tuntun. Kí ẹ tó ráyè wá, ẹ má gba iná sí i lóru tí ẹ bá ti ń sùn, ẹ má gba iná sí i lẹ́nu ọ̀nà àbájáde yín, orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e lé, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó wá kù, báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní pa yín lára?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ná owó tí kò yẹ. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ ńlá. Èyí tó ń gbé inú họ́ọ̀bù táyà, wáàtì 250, ti tó. Òun náà ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà láyè fún kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń gun òkè pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe àrà tuntun rárá: ọdún 1895 ni ará Amẹ́ríkà kan, Ogden Bolton, ti gba ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀rọ iná rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Bátìrì tó fúyẹ́ ni kò sí. Ọdún 1991 ni irú bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí à ń sọ yìí tó dé ọjà.

Táyà kékeré tó wà lára kẹ̀kẹ́ kíká sì ń ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń yí nígbà 200 ní ìṣẹ́jú kan á sáré tó bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan lórí táyà ínǹṣì 26. Ẹ gbé e sínú táyà ínǹṣì 20, eré rẹ̀ á já sí bíi 19, àmọ́ á lágbára sí i lórí òkè. Láàárín ìgboro Ogbómọ̀ṣọ́, láàárín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, 19 yẹn tó mi, ó sì yẹ kó tó yín.

Iwájú la máa ń fi í sí, torí pé jíà wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ wá. Àlàfo inú fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 100; ti àwọn kẹ̀kẹ́ kíká kan, bíi Brompton, kò ju 74 lọ, ẹ̀rọ tí ẹ rà kò ní wọlé. Ẹ tún mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kan fọ́ọ̀kì náà. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ó dáa. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ́ọ̀mù ni. Irin tó gba àárín ẹ̀rọ náà kọjá ní ojú pẹrẹsẹ méjì, ojú méjèèjì yìí ló ń dì í mú nínú ihò fọ́ọ̀kì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ iná, irin yẹn ń tiraka láti yí padà. Alumíníọ́ọ̀mù kì í kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹ lè mọ̀, ṣe ló máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà, táyà á sì bọ́ sílẹ̀ lójú títì. Nítorí náà a kì í fi ẹ̀rọ sí iwájú alumíníọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ pé ẹ bẹ̀ wá. Lára fọ́ọ̀kì onírin pàápàá, a máa ń fi apá irin kan tì í lẹ́yìn kó má baà lè yí.

Bátìrì tuntun ló máa ń gba bí ìdajì owó iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tí ẹ fi lè dín in kù ni kí ẹ má ra èyí tó tóbi ju ìrìn yín lọ. Bátìrì fóòtì 36, áḿpù-wákàtí 8 (8Ah), agbára inú rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 288. Kìlómítà kan máa ń jẹ bíi 12 nínú rẹ̀ bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú. Ogún kìlómítà á jáde níbẹ̀ láìjẹ pé ẹ lò ó gbẹ. Ẹni tó ń ti Sábó lọ síbi iṣẹ́ ní ìgboro, tó sì ń padà, kí ló fẹ́ fi 15 áḿpù ṣe? Bó bá sì kún, kò jẹ tó ìdajì yúnìtì kan lórí mítà alásansílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ fi ń tan fáànù lè gba iná sí i pẹ̀lú.

Àwọn kan ti béèrè bátìrì olójé mẹ́ta, ti fóòtì 12, irú ti UPS. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́. Àmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń wúwo tó kílò 12, kẹ̀kẹ́ yín fúnra rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, bí ẹ bá sì ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Igbó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì bá a lára mu, torí pé kì í ká kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé e sí. Ẹni tó fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn kó má dá ara rẹ̀ lágara.

Bí owó ò bá tíì pé, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ìpele. Oṣù àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀: bíréèkì méjèèjì, sípóòkù, àti ibi tó ti ń ká, kí ó má máa mì. Oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ̀rọ àti kọntírólà, àpótí tó ń darí iná láti bátìrì lọ sínú ẹ̀rọ. Bátìrì ló máa kẹ́yìn, torí pé ẹ̀rọ lè dúró dè yín nínú páálí láìsí ohun tó ṣe é, àmọ́ bátìrì ń darúgbó bẹ́ẹ̀ náà láìjẹ́ pé ẹ lò ó. Ẹni tó bá ń dá àjọ lè rà á nígbà tó bá kó àjọ tirẹ̀.

Wáyà tó bá gba ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká kọjá, a máa ń jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀, a kì í fà á le, ẹ má bínú pé kò dùn-ún wò. Ojú pọ́lọ́ọ̀gì ni a sì ń kọ sí ìsàlẹ̀ kí omi òjò lè kán dànù.

Ọjọ́bọ̀ ni a ti yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò bátìrì, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ gbé ṣájà yín dání, kí ẹ má sì gba iná kún inú bátìrì kí ẹ tó wá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníkẹ̀kẹ́ yín ní Tákíé, Ogbómọ̀ṣọ́