Ẹ má gbàgbé àárín, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa báwọn ẹnjiníà ṣe ń ya páìpù epo sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin. Inú mi dùn pé Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò. Ẹ ní tí páìpù kan bá máa gbé epo oríṣi méjì, ká ṣáà fi èyí tó wúwo jù dán mọ́dẹ̀lì wò, tó bá ti gbé ìyẹn, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, kò parí rárá.

Bẹntiróò àti dísẹ̀lì máa ń gba inú páìpù kan náà, ọ̀kan á máa ti èkejì lọ níwájú. Kúbíkì mítà kan bẹntiróò tó bíi kílò 740, ti dísẹ̀lì tó bíi 840. Ẹ jẹ́ ká sọ pé pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀, páìpù lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún kìlómítà 9, ó wá gun òkè tó ga ní mítà 200. Pọ́ǹpù tó ń fi abẹ̀bẹ̀ yíyí ti epo, tó bá lè gbé dísẹ̀lì ga dé mítà 300, ibi tó máa gbé bẹntiróò dé náà nìyẹn, àmọ́ prẹ́ṣọ̀ tó ń fi kún un ò dọ́gba: 24.7 bar fún dísẹ̀lì, 21.8 fún bẹntiróò. Tó bá jẹ́ dísẹ̀lì nìkan, òkè á gba 16.5, á ku 8.2 tí epo á fi máa ṣàn. Tó bá jẹ́ bẹntiróò nìkan, á ku 7.3. Kò burú. Ẹ wá wo ìgbà tí bẹntiróò ti wọ pọ́ǹpù, tó ti kún ilẹ̀ títẹ́jú yẹn, tí dísẹ̀lì tó ṣáájú ṣì wà lára òkè: pọ́ǹpù ń ti 21.8, òkè ń gba 16.5, ó ku 5.3 péré!

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo dán méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo kọ ọ́ pé kò séwu, ìgbà tó wá dọjọ́ iṣẹ́ mo dúró ti géèjì, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń rọra wálẹ̀, epo ò yára mọ́, gbogbo wa wá ń wá ibi tí páìpù ti ń jò kiri, bẹ́ẹ̀ kò jò níbì kankan. Ìgbà tí dísẹ̀lì kọjá orí òkè tán ni epo tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára fúnra ẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ká fi gígùn ibi tí epo kọ̀ọ̀kan gbà nínú páìpù wá ìpíndọ́gba ìwúwo wọn o. Tí bẹntiróò bá ti gba kìlómítà 9 nínú 10 tí gbogbo páìpù náà gùn, ìṣirò yẹn á fún yín ní 750, bẹ́ẹ̀ dísẹ̀lì nìkan ló wà lára òkè.

EPANET, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣírò páìpù torí pé ọ̀fẹ́ ni, omi ni wọ́n ṣe é fún. Ìwúwo kan ṣoṣo ló máa ń gbà fún gbogbo páìpù inú mọ́dẹ̀lì. Torí náà, ẹ gé páìpù síbi tí epo méjèèjì ti pàdé, ẹ fi prẹ́ṣọ̀ ṣírò apá kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi mítà ṣe é, kẹ́ ẹ sún ojú ìpàdé yẹn síwájú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa tún un ṣírò títí á fi jáde.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó mú rọ́bà tó mọ́ gaara, kó tẹ̀ ẹ́ bíi U, kó bu omi sí i, kó wá rọra da kẹrosíìnì sápá kan. Tí kẹrosíìnì bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 25, omi tó ń gbé e dúró lápá kejì ò ní ju bíi 20 lọ, tó bá wọ̀n ọ́n láti ibi tó dọ́gba pẹ̀lú ojú ìpàdé omi àti kẹrosíìnì.

Ẹ bá wa tún ibẹ̀ kọ, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,
Ẹnjiníà páìpù kan