Ẹ̀sùn lórí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tí ẹ pè ní synthetic

Agbègbè Tanke,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀sùn àwọn oníbàárà.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gálọ́ọ̀nù ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì kan tí wọ́n tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yín níhìn-ín ní Ìlọrin ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Inú mi kò dùn sí i rárá.

Toyota Corolla ọdún 2014 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni mo fi ń gba Ajàṣẹ́-Ìpo lọ kí ìyá mi ní Òmù-Àrán. Ìwé ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì mú un dání wá bá yín. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: 0W-20 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ni kí a máa lò, bí a kò bá rí i, a lè da 5W-20 sí i, ṣùgbọ́n tí a bá tún fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, 0W-20 ni kí a padà sí. Mo ṣí ojú ewé yẹn han ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn. Kò tíì wò ó tán tó fi sọ pé, "Àlájà, ti àwọn òyìnbó tí òtútù ń mú nìyẹn. Oòrùn tiwa níbí, 20W-50 ló lè kojú rẹ̀." Ó gbé gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin kan jáde, èyí tí ẹ kọ SYNTHETIC (ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe) gàdàgbà sí níwájú, ó ní òun ló dára jù nínú ọjà yín. ₦32,000 ni mo san.

Ọ̀rọ̀ òtútù àti oòrùn yìí ló dùn mí jù, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọ́ìlì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣàn tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe máa ki tó tí ó bá gbóná dé 100°C. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná tán, thermostat, ohun tó ń ṣàkóso ooru ẹ́ńjìnnì, kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìbáà jẹ́ Ìlọrin ló wà tàbí ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Corolla yìí ní ẹ̀rọ kan nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní VVT-i, ọ́ìlì ló ń fi agbára tì í kó lè yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì náà ń gbà sì tín-ín-rín. Mi ò sọ pé 20W-50 kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó yẹ ẹ́ pọ̀. Tèmi kọ́ ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dà á sí i ni ọkọ̀ náà ti ń wúwo lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì á pariwo fúngbà díẹ̀ kó tó rọlẹ̀, epo sì ń tètè tán. Mẹkáníìkì mi ní Gàá-Àkànbí ló ní kí n yí gálọ́ọ̀nù náà padà kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí "semi-synthetic", ìyẹn àdàlú synthetic àti ọ́ìlì lásán, ní lẹ́tà wínníwínní, àti API SL lábẹ́ rẹ̀. API, àjọ àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, ló ń fi àwọn lẹ́tà yìí pín ọ́ìlì sí ìpele. Ọkọ̀ ọdún 2004 sẹ́yìn ni SL wà fún. SN ti jáde láti ọdún 2010, SP láti 2020. Kí ni SL ń wá nínú ọkọ̀ ọdún 2014?

Iwájú ní synthetic, ẹ̀yìn ní semi-synthetic. Ẹ mọ̀ pé iwájú ni oníbàárà ń wò, ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ synthetic pọ́ńbélé, nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ sọ àti ìpele API ló yẹ kí òǹtajà yín kọ́kọ́ béèrè. Synthetic tó jẹ́ 20W-50, 20W-50 náà ni.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn kì í gba gálọ́ọ̀nù tí a ti ṣí. Mo pe nọ́ńbà tí ẹ kọ sára rẹ̀, arábìnrin tó gbé e ní kí n lọ bá mẹkáníìkì mi. Kí ni mẹkáníìkì ṣe? Òun kọ́ ló yan ọ́ìlì náà.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ dá ₦32,000 mi padà, pẹ̀lú owó fílítà àti owó iṣẹ́ tí mo san nígbà tí a yọ ọ́ìlì yín dànù tí a da 0W-20 sí i. Ẹ yọ SYNTHETIC kúrò níwájú gálọ́ọ̀nù tí kì í ṣe synthetic, kí ẹ sì kọ ìpele API síbẹ̀ ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń tajà fún yín láti máa ka ìwé ọkọ̀ tí oníbàárà bá mú wá.

Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 kò fàyè gba kí a fi ohun tí ọjà kò jẹ́ pè é. Bí n kò bá gbọ́ èsì yín láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti SON, àjọ tó ń rí sí i pé ọjà dójú ìwọ̀n. Risíìtì, fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù náà, àti ojú ewé ìwé ọkọ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín ní Tanke.